Kútọnu, Tógò àbí Gánà: èwo lẹ máa kọ́kọ́ gbé báàgì lọ láti Àkúrẹ́ tówó ò bá pọ̀?

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń gbé nítòsí FUTA ṣẹ̀ṣẹ̀ parí agùnbánirọ̀ ẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó ní òun ti tọ́jú ₦300,000, òun ò fẹ́ fi ra fóònù, òun fẹ́ gbé báàgì sẹ́yìn kóun jáde ní Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun, kóun rí òkun ibòmíì, kóun jẹ oúnjẹ ibòmíì, kóun sì padà wálé kówó tó tán lápò. Ó wá bi mí pé, "Bọ̀dá, nínú Kútọnu, Tógò àti Gánà, èwo lowó ẹ̀ kéré jù?" Mo jókòó tì í fún bíi wákàtí méjì, torí mo ti gbé báàgì dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì mọ ibi tówó mi ti ṣòfò. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un ni pé bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló ń jẹ owó, bọ́dà ni. Téèyàn bá ń gba ojú títì láti ọ̀dọ̀ wa níbí, iye bọ́dà tó máa kọjá ló máa sọ iye tó máa ná àti iye ọjọ́ tó máa fi jókòó sínú mọ́tò dípò kó máa rìn káàkiri. Ẹ ka bọ́dà kẹ́ ẹ tó béèrè owó hòtẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Bọ́dà ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni èdè, ṣé ẹ máa lè béèrè ọ̀nà, ṣé ẹ máa lè nájà, torí ẹni tí ò lè nájà owó àlejò ló máa san níbi gbogbo. Ìkẹta ni owó ojoojúmọ́, ìyẹn yàrá, ọ̀kadà àti oúnjẹ. Ìkẹrin ni ohun tó lè da ìrìnàjò rú. Ìkarùn-ún ni ohun tójú máa rí, mo sì mọ̀ pé òun làwọn míì máa fi ṣíwájú, èmi gan-an ti fi ṣíwájú rí, mo sì pa dà sílé lọ́jọ́ karùn-ún dípò ọjọ́ kẹwàá torí owó ti tán.

Ojú ọjọ́ ò sí nínú ẹ̀ torí ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni gbogbo wọn, aṣọ tẹ́ ẹ ń wọ̀ ní Àkúrẹ́ náà lẹ máa wọ̀ lọ, oògùn ibà tẹ́ ẹ máa ń lò náà lẹ máa dì sápò. Ìparí November sí February ló dáa jù, ọ̀nà gbẹ, June ni kẹ́ ẹ sá fún torí òjò ìgbà náà kì í ṣeré létí òkun. Òjò Accra àti Lomé kéré sí tiwa púpọ̀ ṣá, ilẹ̀ agbègbè yẹn gbẹ ju ilẹ̀ ìhà wa níbí lọ, ẹ máa rí i pé igbó ńlá dáwọ́ dúró tó di pápá.

Ohun tẹ́ ẹ máa san níbikíbi tẹ́ ẹ bá yàn

Pásípọ́ọ̀tù. Láti September 2025, oníwèé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún ti di ₦100,000, oníwèé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá sì di ₦200,000. Oníwèé 32 ti tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Owó yìí ò sí nínú ₦300,000 tí mò ń sọ o, ẹ yà á sọ́tọ̀. Àwọn kan máa sọ pé ẹ lè fi káàdì ìdánimọ̀ lásán kọjá, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, torí ẹni tí ò ní pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Físà ò sí. ECOWAS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975 ti fọwọ́ sí i láti 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíì kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà, ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ̀bẹ̀ kọ́.

Yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára yellow fever (ibà apọ́njú), ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba abẹ́rẹ́ náà gan-an, ẹ má ra káàdì lásán. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó rìn, tẹ́ ẹ bá sì ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, láti 2016 àjọ ìlera àgbáyé ti ní ó ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé yín, kò sẹ́ni tó yẹ kó ní kẹ́ ẹ tún un gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ sítáǹpù wá kàn, òun ló dùn mí jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa kọjá bọ́dà kan, awakọ̀ wa ní ká má sọ̀ kalẹ̀, pé òun ti bá wọn sọ̀rọ̀, inú gbogbo wa dùn pé a tètè kọjá, àfi ìgbà tí mò ń bọ̀ wálé tí wọ́n ṣí pásípọ́ọ̀tù mi tí wọn ò rí sítáǹpù ìwọlé kankan níbẹ̀. Wọ́n fi mí jókòó láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, owó tí mo sì san lọ́jọ́ yẹn ju owó tí mo fi sùn lálẹ́ mẹ́rin lọ. Látìgbà yẹn, mọ́tò ì báà máa fọn fèrè bíi kó ya, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń gba sítáǹpù ìjáde lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ tí mo ti ń bọ̀, mo máa ń gba ti ìwọlé lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sì máa ń ṣí ìwé náà wò kí n tó kúrò lójú fèrèsé wọn. Bọ́dà kan, sítáǹpù méjì. Ẹ há a sórí.

Láti Àkúrẹ́ ẹ lè gba Oǹdó já sí Ọ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ bọ́ sí Ṣàgámù, tàbí kẹ́ ẹ gba Iléṣà àti Ìbàdàn. Ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà, mọ́tò àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ má rin ọ̀nà yẹn lálẹ́ torí kẹ́ ẹ lè dín owó yàrá kan kù, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ẹ sùn lọ́dọ̀ ẹbí ní Èkó tàbí ní Àgbádárìgì, kẹ́ ẹ sì dé bọ́dà Sèmè ní àárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí èrò ò tíì pọ̀. Ìdí-Ìrókò náà wà fún ẹni tó bá ń lọ sí Àjàṣẹ́ tààrà. Kẹ́ ẹ tó jáde nílé ẹ gbọ́ ìròyìn o, torí ní August 2019 Nàìjíríà ti bọ́dà orí ilẹ̀ pa, December 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Kútọnu, ìyẹn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Bọ́dà kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Sèmè, láàárín wákàtí kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹ ti wà láàárín ìlú, aago wọn àti tiwa sì dọ́gba.

Èdè ìjọba ni Faransé, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń bẹ̀rù ibẹ̀, wọ́n gbàgbé pé Yorùbá wà níbẹ̀ kí Faransé tó dé. Kétu, Pobè, Sákété, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáìsà, àti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo tó jẹ́ olú ìlú wọn, ẹ máa rí ẹni tó máa gbọ́ yín níbi gbogbo tí mo dárúkọ yìí, Nàgó ni wọ́n máa ń pè wá. Yorùbá wọn lè kọ́kọ́ ṣe etí yín bákan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ìkálẹ̀ lójoojúmọ́ ti mọ̀ pé Yorùbá pọ̀ lóríṣiríṣi, kò ní pẹ́ kó tó mọ́ yín létí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Àjàṣẹ́, ebi ń pa mí, mo ń fọwọ́ júwe fún ìyá kan tó ń ta àkàsà, ló bá wò mí lójú ló ní, "Ẹ kú ìrìn o, ṣé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀?" Ara tù mí débi pé mo jókòó tì í mo jẹun fún wákàtí kan gbáko. Àkàsà náà, ẹ̀kọ tiwa ni. Nínú Kútọnu fúnra ẹ̀ èdè Fọ̀n ló gba iwájú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọ ọjà Dantokpa ẹ ò ní ṣàìgbọ́ Yorùbá.

Owó ńkọ́? Sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Wọ́n so ó mọ́ owó yúrò, yúrò 1 jẹ́ sẹ́fà 655.957, torí náà kì í fò sókè-sódò bíi náírà, náírà tiwa ni kẹ́ ẹ máa wò lójú. Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, sẹ́fà 1 ti lé ní ₦2.5. Yàrá onífáànù tí mo sùn sí ní Àjàṣẹ́, 7,000 sẹ́fà ni mo san lálẹ́ kan, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ àti omi ò ju 3,000 lọ, ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zem, tí àwọn tó ń gùn ún ní Kútọnu máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, gba bíi 1,500 lọ́wọ́ mi lójúmọ́. Ẹ dúnàá-dúrà kẹ́ ẹ tó gùn ún o. Ọjọ́ méje pẹ̀lú alẹ́ mẹ́fà wá jẹ́ bíi 73,500 sẹ́fà, kò tó ₦200,000, ìyókù ₦300,000 yẹn ni mo fi wọkọ̀ lọ bọ̀ tí mo sì fi san owó àwọn ibi tí mo wọ̀. Ó fún mọ́ èèyàn lọ́rùn díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe, mo ṣe é.

Ohun tójú máa rí níbẹ̀ ló mú kí n fẹ́ràn ibẹ̀ jù. Ganvié wà lórí omi Nokoué, ilé orí òpó ni gbogbo ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà, òun náà ni wọ́n fi ń lọ síléèwé. Ọmọ Ìlàjẹ ò ní sọ pé irú ẹ̀ ṣàjèjì sóun, àwa tá a ti dé Àyétòrò mọ bí ilé orí òpó ṣe ń rí, ṣùgbọ́n Ganvié pọ̀, ó tẹ́ lọ rẹrẹ, àwọn èèyàn náà sì ti wà níbẹ̀ láti ayé ìgbà tí wọ́n ń sá fún àwọn tó ń kó ẹrú. Calavi lẹ ti máa wọkọ̀. Ẹ má dá ọkọ̀ gbà, ẹ dúró kí àwọn míì dé kẹ́ ẹ lè jọ san án, owó ẹ̀ máa dín kù gan-an.

Ouidah wá ńkọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi kó àwọn èèyàn wa lọ sínú ọkọ̀ òkun ṣì wà níbẹ̀, bíi kìlómítà mẹ́rin láti àárín ìlú dé etí òkun, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ sí ìparí ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Ẹ rìn ín láàárọ̀, ẹ má gun zem. Mo rìn ín, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. 10 January ni ọjọ́ ọdún Vodun wọn, ó dùn wò, àmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn owó yàrá máa ń fò sókè, ẹni tówó ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ kó lọ ṣáájú tàbí lẹ́yìn ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò níbi ojúbọ, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa ń fẹ́ kí wọ́n ṣe tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ méjì sí i kó lọ sí Abomey, ààfin àwọn ọba Dahomey wà lára ohun tí UNESCO ń dáàbò bò láti 1985, ní 2021 sì ni Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí wọ́n kó lọ níbẹ̀ padà fún Bẹ̀nẹ̀. Ilẹ̀ tó gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 nìyí o, ogun tá a kà nípa ẹ̀ níléèwé, ẹ máa dúró sínú àgbàlá tí wọ́n ti ń gbèrò ẹ̀. Lókè sí i ni Ìdáìsà wà, ìlú olókè, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ọkàn mi balẹ̀ síbẹ̀ torí àwọn òkè ẹ̀ rán mi létí ilé.

Ohun tó lè da nǹkan rú: tó bá di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tàbí ọlọ́pàá, Faransé ni wọ́n máa sọ, nítorí náà ẹ kọ́ gbólóhùn mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó lọ. Ihò iná wọn, èyí tó ń gba ṣaja olórí róbótó méjì ni, ṣaja onígun mẹ́ta tiwa ò ní wọ̀ ọ́, ẹ ra àdápítọ̀ dání láti ilé. Òkè àríwá wọn, títí kan ọgbà ẹranko Pendjari, ẹ má débẹ̀ rárá, àwọn agbébọn ń ṣọṣẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan, ẹ má dá a lóhùn.

Tógò

Bọ́dà méjì, torí ẹ máa gba Bẹ̀nẹ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó dé ibi tí wọ́n ń pè ní Hillacondji. Tẹ́ ẹ bá ti sọdá síbẹ̀, ẹ fa aago yín sẹ́yìn wákàtí kan. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná, kò sí pé ẹ tún ń ṣẹ́ńjì owó lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n á tún gé díẹ̀ lára ẹ̀, ihò iná kan náà ni, zem náà wà.

Lomé ò dùn mọ́ mi bíi Kútọnu. Etí òkun ẹ̀ dáa fún ìrìn ìrọ̀lẹ́, ẹ má wọ inú omi yẹn o torí ó ń fa èèyàn, ọjà ńlá wọn sì ni àwọn ìyá oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti di olówó níjọ́un. Ọjà oògùn ìbílẹ̀ tí gbogbo àlejò ń sáré lọ wò, wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó wọlé, orí ẹranko gbígbẹ tí wọ́n sì máa fi hàn yín níbẹ̀, ṣebí ó wà lọ́jà tiwa náà, ẹ fi owó yẹn wọ mọ́tò lọ sí Kpalimé.

Kpalimé lohun tó ń gbé mi lọ sí Tógò. Bíi 120 kìlómítà sí Lomé, àárín òkè àti igbó ni, kòkó àti kọfí ni wọ́n ń gbìn, afẹ́fẹ́ ẹ̀ tutù, ìṣàn omi tó ń já láti orí àpáta wà nítòsí, labalábá oríṣiríṣi sì kún inú igbó ẹ̀. Òkè Agou, tó ga jù ní gbogbo Tógò, 986 mítà, wà nítòsí ibẹ̀. Ẹni tó ti gun Ìdànrè máa bi mí pé kí ló wá kù tóun fẹ́ lọ gùn níbẹ̀, èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò jọra: ti Ìdànrè, àpáta borokoto lẹ ń gùn, oòrùn á máa pa yín lórí, ti ibẹ̀ ẹ máa wà lábẹ́ igi, ẹ máa gba inú oko kòkó kọjá, àwọn ará abúlé á máa kí yín. Àti oúnjẹ! Ohun tí wọ́n ń pè ní fùfú ní Tógò, iṣu ni wọ́n ń fi gún un, iyán gidi ni, ọmọ Oǹdó tó bá ti jẹ ìrẹsì fún ọjọ́ mẹ́rin máa mọ ohun tí mò ń sọ. Mo san 6,000 sẹ́fà fún yàrá mi níbẹ̀, ó mọ́ ju tí Àjàṣẹ́ lọ.

Èdè ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Éwé àti Faransé ni, àwọn Yorùbá oníṣòwò wà ní Lomé ṣùgbọ́n wíwá lẹ máa wá wọn, ní Kpalimé mi ò rí ẹnì kankan tó gbọ́ mi, ọwọ́ àti ẹ̀rín ni mo fi rajà. Koutammakou, ìlú àwọn tó ń fi amọ̀ kọ́lé bí ilé ìṣọ́, UNESCO ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2004, ó rẹwà, àmọ́ ó jìnnà sí Lomé gan-an, kì í ṣe ti ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìpẹ̀kun àríwá wọn tí wọ́n ń pè ní Savanes, ẹ yẹra fún un bẹ́ ẹ ṣe yẹra fún ti Bẹ̀nẹ̀.

Gánà

Bọ́dà mẹ́ta: Sèmè, Hillacondji, Aflao. Lílọ mẹ́ta, bíbọ̀ mẹ́ta, bọ́dà kan sítáǹpù méjì, ẹ wá ṣe ìṣirò ẹ̀. Odindi ọjọ́ kan ló máa ń lọ sí i láti Èkó, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ tààrà wà, owó ẹ̀ wọ́n ju kẹ́ ẹ máa wọ mọ́tò ní ìpín-ìpín lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dá lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi ò ní dí i lọ́wọ́ kó wọ̀ ọ́, ọkàn á balẹ̀.

Lẹ́yìn bọ́dà yẹn, gbogbo nǹkan rọrùn. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣaja yín máa wọ ihò iná wọn, omi inú ọ̀rá wà. Ilé ìgbàlejò tó ń gba àwọn oníbáàgì ẹ̀yìn, tí wọ́n ń ya bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo fún èèyàn nínú yàrá elérò púpọ̀, pọ̀ níbẹ̀ ju ibi méjì yòókù lọ, pàápàá ní Cape Coast, ibẹ̀ lẹ máa sì ti pàdé àwọn arìnrìnàjò míì tẹ́ ẹ lè jọ pín owó mọ́tò. Trotro ni dáńfó wọn, mo fẹ́ràn ẹ̀ torí iye kan pàtó ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe pé wọ́n ń wo ojú yín.

Owó wá ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti yí padà. Sídì wọn gbéra sókè gan-an ní 2025, náírà tiwa ò sì gbéra tó bẹ́ẹ̀, ohun tó ń jẹ́ pọ́ọ́kú lójú ọmọ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ ti wọ́n. Accra gan-an lówó lórí, tó bá sì di December tí gbogbo àwọn tó ń gbé òkè òkun bá ya wọbẹ̀, ẹ má tiẹ̀ sún mọ́ ọn pẹ̀lú báàgì àti ₦300,000. Ibi ìríran wọn náà, iye tí ọmọ Gánà ń san kọ́ ni àlejò ń san, ti àlejò wọ́n jù ú lọ fíìfíì, ọmọ ECOWAS ni yín, àlejò náà ni yín lójú wọn.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ torí owó fo odi Cape Coast àti ti Elmina. Elmina, 1482 ni àwọn Pọtogí kọ́ ọ, kò sí ilé tí àwọn Òyìnbó kọ́ ní ìsàlẹ̀ Sàhárà tó tún dàgbà jù ú lọ. Wọ́n máa mú yín wọ inú ihò tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn sí, wọ́n máa pa iná. Bí Ouidah ṣe rí lára mi náà ló rí, ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé ní Ouidah ẹ̀ ń rìn lábẹ́ oòrùn, níbí ẹ wà nínú òkùnkùn biribiri. Kakum ò jìnnà sí Cape Coast, ọgbà igbó ni, láti 1995 ni wọ́n ti ta afárá okùn méje sórí igi níbẹ̀, gígùn ẹ̀ bíi 350 mítà, ó ga tó bíi 40 mítà sílẹ̀. Ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí àwọn ọmọ iléèwé tó dé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Bàbá ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Kumasi ló ti ń ṣòwò kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì ní November 1969, ó padà sílé pẹ̀lú àpótí kan. Ní 1983 tó kan àwọn ará Gánà tí Nàìjíríà lé lọ, ó sunkún, ó ní òun mọ bó ṣe rí. Báàgì tí gbogbo wa ṣì ń fi dì ẹrù lọ sí páàkì dòní, ẹ̀yin náà mọ orúkọ ẹ̀. Torí náà nígbà tí mo dúró ní ọjà Kejetia ní Kumasi tí ìyá kan tí wọ́n bí síbẹ̀ ń kí mi ní Yorùbá, mi ò lè ka iye tí mo ná mọ́. Tí ẹbí yín bá ní irú ìtàn yìí, gbogbo ìṣirò bọ́dà tí mo ṣe lókè yẹn ò ní ìtumọ̀ fún yín, ẹ lọ.

Àwọn tó ní káwọn wọ bàálù, àti àwọn tó fẹ́ lọ jù bẹ́ẹ̀

Rwanda ò gba físà lọ́wọ́ ọmọ Áfríkà kankan, ìlú ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ti jẹ gbogbo owó tá à ń sọ. Àbíjàn, bọ́dà mẹ́rin, ẹ bi àwọn ọmọ Èjìgbò, àwọn ló mọ ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Fún ìgbà àkọ́kọ́, rárá.

Ta ló yẹ kó lọ síbo

Ẹ ní ₦300,000, ọjọ́ méje, ẹ ò jáde rí, ẹ ò gbọ́ Faransé: Kútọnu ni. Ẹ fi Àjàṣẹ́ ṣe ibùdó, ẹ sùn níbẹ̀ lálẹ́ mẹ́rin torí yàrá ibẹ̀ rọjú ju ti Kútọnu lọ, ẹ máa jáde láàárọ̀ kẹ́ ẹ máa bọ̀ nírọ̀lẹ́, alẹ́ méjì tó kù ẹ lò ó ní Ouidah tàbí Abomey. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ rí gbà níbi iṣẹ́, Àjàṣẹ́ àti Ganvié ti tó, ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá, tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn òkè, igbó àti ibi tó dákẹ́, ẹ so Bẹ̀nẹ̀ pọ̀ mọ́ Kpalimé, ẹ fo ọ̀pọ̀ Lomé, owó kan náà lẹ ń ná láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí ni èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ pín owó yàrá, iye tí ẹni kan máa fi ṣe ọjọ́ mẹ́wàá ò ní fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹni tó dá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ọmọbìnrin tó ń dá rìn tí àìgbọ́ èdè sì ń bà lẹ́rù, kó dúró kówó ẹ̀ tó ìlọ́po méjì, kó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Gánà, kó má lo ju alẹ́ méjì lọ ní Accra, Cape Coast ni kó gbé báàgì sí. Gánà ọjọ́ márùn-ún, ẹ má ṣe é, ọjọ́ méjì á lọ sójú títì, ẹ máa bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn àti fọ́tò bọ́dà.

Níbi yòówù kẹ́ ẹ yàn, ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta lára yín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì báǹkì náírà, ẹ ṣẹ́ńjì èyí tó máa gbé yín dé ìlú ńlá, kẹ́ ẹ ṣẹ́ńjì ìyókù nínú ìlú, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń fa aṣọ yín ní bọ́dà. Báàgì ò gbọ́dọ̀ ju kílò mẹ́jọ lọ.

Ọmọ àbúrò mi ti yan Kútọnu, ó ti gba abẹ́rẹ́ ẹ̀, ìparí November ló ń lọ. Sátidé tó ń bọ̀ a jọ máa gun Ìdànrè, kó di ẹrù ẹ̀ pátá sínú báàgì náà kó gbé e kọ́rùn láti àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ dé òkè, ohunkóhun tó bá wúwo jù fún un níbẹ̀, ilé ló máa fi sílẹ̀.